Àwòrán Tí Wọn Kò Yà

Lọ́dún tó kọjá, mo lo odidi ọ̀sẹ̀ méjì lórí ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwòrán yíyà ni iṣẹ́ mi, ìwé àwọn ọmọdé ni mo sì sábà máa ń yà á sí, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti ṣe kàtúùnù kékeré kan nípa ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n ń jà lójú agbo. Àwòrán 24 ni mo yà fún ẹ̀ṣẹ́ náà, láti ìgbà tí èjìká ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí títí dé ìgbà tí ìkúùkù kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnì kejì tí ọwọ́ sì padà sílé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gún. Nígbà tí mo wá tò wọ́n pọ̀ tí mo ní kó máa lọ, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń fọwọ́ wá nǹkan nínú omi. Ẹ̀ṣẹ́ náà kò lè dun ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé kan, mo sì fi hàn án. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan.

“Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ rí sí i?”

“Ó rẹwà, àbúrò mi. Ó rẹwà gan-an. Ṣùgbọ́n ká ní inú géèmù ni, ǹ bá ti dí i kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ọmọ Tekken 3, géèmù ìjà kan, ni bọ̀ọ̀dá mi. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Ìbàdàn, ilé géèmù kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Mọ́kọ́lá: yàrá kan ṣoṣo tó mú ooru, tẹlifíṣọ̀n méjì, PlayStation méjì, àga gbọọrọ kan, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn ògiri. Ìjà kan, owó kan. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹni tó bá borí á jókòó, á máa retí ẹni tó kàn. Èmi kì í fọwọ́ kan páàdì. Ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń dúró sí, tèmi ti jótà lọ́wọ́, tí mò ń gbìyànjú láti ya ohun tí mo bá rí. Kò sí ìgbà kankan tí mo rí i yà tán. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ kì í dúró.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo wá mọ̀ pé òfin “ẹni tó fìdí rẹmi, kó dìde” yẹn, wọ́n ti ń lò ó ní Osaka àti Tokyo ṣáájú kó tó dé Mọ́kọ́lá, lórí àwọn ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń sọ owó ẹyọ sí nínú. Lọ́dún 1987 ni Capcom, ilé iṣẹ́ kan ní Osaka, gbé géèmù ìjà Street Fighter àkọ́kọ́ jáde. Kò ní ohun púpọ̀ nínú: Ryu nìkan lèèyàn lè lò, bí ẹlòmíràn bá sì wá dá sí i, Ken ni yóò mú. Takashi Nishiyama tó darí iṣẹ́ náà kó kúrò níbẹ̀ lọ sí SNK, ilé iṣẹ́ géèmù tí òun náà wà ní Osaka, ibẹ̀ ló sì ti lọ dá géèmù ìjà Fatal Fury sílẹ̀. Ní Capcom, Akira Nishitani ló ṣètò èyí tó tẹ̀ lé e, Akira Yasuda tí gbogbo ayé ń pè ní Akiman sì wà lára àwọn tó ya àwọn èèyàn rẹ̀. Street Fighter II jáde lọ́dún 1991. Èèyàn mẹ́jọ lo lè mú nínú rẹ̀, kálukú pẹ̀lú ara tirẹ̀, ìrìn tirẹ̀, ìdúró tirẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́fà, mẹ́ta fún ẹ̀ṣẹ́, mẹ́ta fún ìpá: èyí tó fúyẹ́, èyí tó wà láàárín, èyí tó wúwo.

Bó ṣe tàn kálẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe fún Super Nintendo, ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń lò nílé, lọ́dún 1992 nìkan tà ju mílíọ̀nù 6 lọ. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé torí àwòrán rẹ̀ ni. Èmi rò pé torí àga ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá jà nínú ilé géèmù, wọ́n á wá ka iye máàkì tí wọ́n gbà. Nínú Street Fighter II, àjèjì lè wá jókòó, kó sọ owó tirẹ̀ sí i, kó sì gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ. Kò tún sí bí géèmù kan ṣe lè sú èèyàn nígbà tó jẹ́ pé èèyàn bíi tìrẹ ni ọ̀tá inú rẹ̀, tó sì ń kọ́ ọgbọ́n tuntun lójoojúmọ́.

Nígbà tó yá, àwọn ilé géèmù ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹ̀rọ méjì pọ̀, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, kí ẹnì kan jókòó sí ìhín, kí ẹnì kejì jókòó sí ọ̀hún. Ẹyọ owó 100 yẹ́ẹ̀nì ló ń ṣí i. O ò rí ẹni tó ò ń bá jà. Ohun tó ò ń rí kò ju èèyàn kékeré tó wà lójú ẹ̀rọ lọ. Àwa máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ojú gan-an ni wọ́n bò mọ́ra wọn lójú níbẹ̀. Nítorí náà, ojú Ryu ni ọ̀rọ̀ wà, èjìká Ryu, orúnkún rẹ̀. Bí ayàwòrán kò bá ya èjìká yẹn dáadáa, ẹni tó jókòó sódìkejì kò ní mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí, torí òun ni mo rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbójú fò nígbà tí wọ́n bá ń yin àwọn géèmù ìjà ilẹ̀ Japan pé àwòrán wọn ń yọ̀ bí epo. Àwòrán ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwòrán yẹn ni òfin ìjà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ́ kan. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú ẹ̀rọ náà ń yí padà ní nǹkan bí ìgbà 60, àwọn tó ń gbá a sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fírémù. Gbogbo ẹ̀ṣẹ́ ló ní ìgbà mẹ́ta: ìgbà tó ń bọ̀, ìgbà tó lè ba èèyàn, àti ìgbà tí ọwọ́ ń padà sílé. Ẹ̀ṣẹ́ tó fúyẹ́ lè dé láàárín fírémù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ojú èèyàn kò lè ka ìyẹn. Kí ni ayàwòrán fẹ́ rí yà síbẹ̀? Àwòrán kan, bó bá pọ̀ jù, méjì. Bí mo ṣe ń dá ẹ̀ṣẹ́ fífúyẹ́ Ryu dúró lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà mi, ìka ọwọ́ kan ti pọ̀ jù láti fi ka àwòrán rẹ̀. Ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbáàyà, ọwọ́ ti nà tán. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, wọn kò yà á rárá. Ìwọ tó ń wò ó lo yà á fúnra rẹ, nínú orí rẹ, ó sì yára ju ohunkóhun tí mo lè fi kálámù ṣe lọ.

Ti ẹ̀ṣẹ́ wíwúwo yàtọ̀. Ó ń pẹ́ kó tó dé, o lè rí i tó ń bọ̀, ìgbà tó bá sì kọjá lórí òfo, ọwọ́ yẹn kì í tètè padà. Ibẹ̀ ni ayàwòrán ti ń ná owó rẹ̀. Apá ń padà bọ̀, aṣọ ń tẹ̀ lé apá, ìrù gèlè tó wà lórí Ryu ń tẹ̀ lé orí. Gbogbo ẹwà yẹn, ewu ni fún ẹni tó ju ẹ̀ṣẹ́ náà, torí ní gbogbo àkókò tí aṣọ rẹ̀ fi ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò lè dí nǹkan kan. Ẹni tó mọ géèmù náà ń wo aṣọ yẹn, ó sì ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé: ó ti ṣí sílẹ̀.

Ohun kan tún wà. Nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá bà, àwọn méjèèjì á dúró bí ère fún fírémù díẹ̀, ẹni tó nà á àti ẹni tí wọ́n nà, kí wọ́n tó máa lọ. Kò sí ìjà kankan láyé tó ń rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ìdúró yẹn ló ń jẹ́ kó dùn wá nínú egungun. Onílù dùndún tó mọṣẹ́ mọ ibi tó yẹ kí kọ̀ǹgọ́ dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó kàn lè wọ̀ wá létí. Nínú àwòrán 24 tèmi, kò sí ibì kankan tí nǹkan ti dákẹ́.

Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa kíkó ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ara wọn, tí gbogbo géèmù ìjà ń lò báyìí, yóò mọ̀ pé wọn kò pète rẹ̀. Noritaka Funamizu, ọ̀kan lára àwọn tó wà nídìí Street Fighter II, ló ṣàkíyèsí i níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nínú géèmù náà, pé ẹ̀ṣẹ́ kejì lè wọlé kí ti àkọ́kọ́ tó parí. Wọ́n rò pé yóò ṣòro jù fún èèyàn láti rí lò, wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú mi, ohun tí àwọn ọmọ ilé géèmù rí ni pé èèyàn lè gé àwòrán ìpadà dànù. Ìwọ tó mú bọ́tìnnì dání ti di olóòtú kàtúùnù náà.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é kò pọ̀ tó. Ojú ẹ̀rọ Street Fighter II fẹ̀ ní àmì 384, ìyẹn àwọn àmì kékeré tó ń para pọ̀ di àwòrán, ó ga ní àmì 224, àwọ̀ 16 ni wọ́n sì ń fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òfo tí ẹ̀yìn ń hàn níbẹ̀. Ibi ìpamọ́ kò gba kí wọ́n ya èèyàn kan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà, bó bá kọjú sí òsì, wọ́n á kàn yí àwòrán rẹ̀ padà bíi ti inú dígí. Ẹ lọ wo Sagat, ọ̀kan lára àwọn tó ń jà nínú rẹ̀. Awọ tó fi bo ojú kan máa ń ṣí lọ sí ojú kejì nígbàkígbà tó bá yíjú. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Gill dé nínú Street Fighter III, ìlàjì ara rẹ̀ pupa, ìlàjì kejì búlúù, pupa rẹ̀ kì í sì í kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tó wà bó ti wù kó yí. Ìyẹn ni pé wọ́n yà á fún ìhín, wọ́n tún yà á fún ọ̀hún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, mo ronú nípa ọwọ́ àwọn tó ṣe é, bí yóò ti máa ro wọ́n tó.

Elena gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú Street Fighter III kan náà ló wà, lọ́dún 1997. Ọmọ Kẹ́ńyà ni wọ́n pè é: ó ga, ó dúdú, irun rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ ló fi ń jà. Mo kọ́kọ́ rí i lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi kan nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mi ò sì gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ mi ń sọ mọ́. Kò tíì ja ìjà kankan o. Ó kàn ń dúró de ẹnì kejì ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ń jó bó ṣe ń dúró dè é. Ó gbéra láti ọrùn ẹsẹ̀, ó gba ìbàdí kọjá, ìbàdí fi lé èjìká lọ́wọ́, èjìká fi lé ọwọ́, ó sì tún padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ láìsí pé o rí ojú rírán rẹ̀. Èèyàn ló fọwọ́ yà á, àmì kékeré lẹ́yìn àmì kékeré. Èmi tí mi ò rí ẹnikẹ́ni yà tán rí nínú ilé géèmù Mọ́kọ́lá, mo jókòó síbẹ̀, omi lójú.

Ọdún kan náà ni Tekken 3 dé ilé géèmù ní Japan, pẹ̀lú Eddy Gordo, ọmọ Bràsíìlì. Bọ̀ọ̀dá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ Eddy dáadáa. Ẹni tí kò mọ géèmù gbá rárá, Eddy ni yóò mú, á kàn máa tẹ bọ́tìnnì ìpá léraléra títí ọlọ́gbọ́n á fi ṣubú. Capoeira, ìjà tó dà bí ijó, ni Eddy ń jà, capoeira náà ni Elena ń jà. Namco tó ṣe Tekken ní tiwọn pe Marcelo Pereira, ọ̀gá capoeira kan, wọ́n fi ẹ̀rọ mú ìṣísẹ̀ rẹ̀ gan-an, wọ́n gbé e wọ Eddy lára. Capcom jókòó, wọ́n yà á. Mo ti wo méjèèjì títí. Eddy ń jó bí èèyàn ṣe ń jó. Elena ń jó bí èèyàn ṣe máa ń rántí ijó nígbà tó bá ti délé.

Ohun kan wà nípa Elena tí kò dùn mọ́ mi, mi ò sì ní fi pa mọ́ torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Capoeira kì í ṣe ti Kẹ́ńyà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Àǹgólà àti agbègbè rẹ̀ lọ sí Bràsíìlì ni gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn, ó sì gbilẹ̀ ní Bahia, níbi tí àwọn baba ńlá àwa Yorùbá náà bá ara wọn. Ẹni tó ya Elena kò bìkítà ibi tí ijó náà ti wá, “Áfíríkà” ṣáá ni. Wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi aṣọ wọ̀ ọ́. Ọwọ́ tó mọ egungun ìbàdí èèyàn tó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó lè béèrè pé ibo lọmọ náà ti wá.

Ṣé èyí tó lẹ́wà jù yìí wá gbayì jù? Rárá. Nígbà tí Street Fighter III dé, 3D, àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń gbé dúró bí ère, ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́, Virtua Fighter 3 ti jáde lọ́dún tó ṣáájú, Tekken 3 ń bọ̀ lẹ́yìn. Capcom sì ti lé gbogbo àwọn tí èèyàn mọ̀ jáde nínú rẹ̀, Ryu àti Ken nìkan ló kù. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀, 3rd Strike, tó dé lọ́dún 1999, ni wọ́n tó mú Chun-Li padà wá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbé e jáde, CPS-3, géèmù mẹ́fà péré ló jáde lórí rẹ̀. Ó tún ní àrùn kan nínú: bátìrì kékeré kan ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti géèmù náà pa, bí bátìrì bá sì kú, géèmù náà kú. Ọdún 2007 ni wọ́n tó tú àdììtú yẹn, kí kọ̀ǹpútà lásán bíi ti ọ̀rẹ́ mi tó lè gbé Elena dìde.

Ohun tó gba 3rd Strike là kì í ṣe ẹwà rẹ̀ nìkan. Òfin kan wà nínú rẹ̀ pé bí ìpá bá ń bọ̀, dípò kí o fà sẹ́yìn kí o dí i, o lè tẹ ọ̀pá ìdarí síwájú, sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń nà ọ́, gẹ́lẹ́ nígbà tó bá fẹ́ bà ọ́. Bó o bá ṣe é bó ṣe yẹ, kò ní dùn ọ́ rárá. Bó o bá ṣì í, o gbé e. Lọ́dún 2004, níbi Evo, ìdíje ńlá àwọn géèmù ìjà, ní Pomona, ìpínlẹ̀ California, Daigo Umehara ọmọ Japan mú Ken, Justin Wong ọmọ Amẹ́ríkà mú Chun-Li. Ẹ̀mí tó kù fún Ken kò ju fọ́nrán òwú lọ. Kódà bó bá dí ìpá náà, ìyẹn lásán yóò pa á. Justin tú ìpá ńlá Chun-Li sílẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún léra wọn. Daigo tẹ̀ síwájú ní ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fo sókè gba èyí tó kẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́, ó sì parí ìjà náà. Mo ti wo fídíò yẹn láìsí ohùn, kí n lè rí àwòrán nìkan. Ẹsẹ̀ Chun-Li ń lọ, ó ń bọ̀, ó dúró díẹ̀, ó tún lọ. Ọwọ́ ayàwòrán ló fi ìlù yẹn síbẹ̀ ní 1999, Daigo jó o lọ́dún márùn-ún lẹ́yìn náà. Kì í ṣe òun ló gba ife ẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà o, Kenji Obata ló nà án níbi àṣekágbá.

Ìdíje kan náà ló gba èèyàn tó lé ní 7,000 fún Street Fighter 6 nìkan lọ́dún 2023. Lọ́dún 2019, Arslan Ash láti Lahore, ní Pakistan, ló gbégbá orókè nínú Tekken 7 ní Evo Japan àti ní Evo ti Amẹ́ríkà. Bọ̀ọ̀dá mi pè mí lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ náà, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni pé ará Mọ́kọ́lá ni.

Mi ò ka ara mi mọ́ àwọn tó ń sọ pé ọgbọ́n yìí kú pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́. Lọ́dún 2014, ilé iṣẹ́ Arc System Works ní Yokohama gbé géèmù ìjà Guilty Gear Xrd jáde. 3D ni, bẹ́ẹ̀ lójú, ńṣe ló dà bí ohun tí wọ́n fọwọ́ yà. Junya Motomura, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe àwòrán rẹ̀, ṣàlàyé ní gbangba bí wọ́n ṣe ṣe é. Kọ̀ǹpútà lè fúnra rẹ̀ ya gbogbo ohun tó wà láàárín ìdúró kan àti èkejì, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kó má yà á. Wọ́n gbé ìdúró kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n fún èèyàn kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ kí òjìji lè bọ́ síbi tí ayàwòrán fẹ́, wọ́n sì jẹ́ kó máa fò láti ìdúró kan sí òmíràn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo rántí àwòrán 24 mi. Ẹ̀rọ tó lè yà á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní ìgboyà láti kọ̀ ọ́.

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo yọ gbogbo ohun tó wà láàárín èjìká àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó dùn mí, torí ọ̀kan wà nínú wọn tí ìkúùkù rẹ̀ rí bí ti baba mi. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ìmúra, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti nà tán, mo dá a dúró síbẹ̀ díẹ̀, mo wá fi márùn-ún fún ìpadà, kí apá aṣọ lè rí àyè fẹ́. Méje nínú 24. Mo fi ránṣẹ́ sí bọ̀ọ̀dá mi lórí WhatsApp.

Ó fi ohùn ránṣẹ́ padà: “Ó bà á, àbúrò mi. Ó bà á dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ ẹ̀ṣẹ́ yẹn ńkọ́? Ara rẹ̀ ò tíì mọ̀.”

Ìdí ẹni yẹn ni mo wà láti oṣù tó kọjá. Orí rẹ̀ ti yí. Ọrùn ni mò ń bá jà báyìí.